Owó Ìwádìí Agbára: Ta Ló Tọ́ Sí, Ta Ló Yẹ Kó Mọ̀?

Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n òfin ti mọ odi sáàárín àwọn onímọ̀ ìlú méjèèjì. Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990, jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ajayi Crowther, tó gbàṣẹ lọ́dún 2005 ní ìlú Ọ̀yọ́, jẹ́ ti Ìjọ Áńgílíkà. Ká ní olùkọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ wádìí bí a ṣe lè fi èèpo pákí ṣe gáàsì ìdáná. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló lè bèèrè owó TETFund, àjọ tó ń pín owó-orí ẹ̀kọ́, lórúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lágbègbè méjèèjì á rí òkìtì èèpo tó ń jẹrà, tí òórùn rẹ̀ ń gba imú, nígbà tó jẹ́ pé igi ni àwọn obìnrin fi ń dáná lábẹ́ agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin náà nídìí o. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ló jà fún un: àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba lọ́dún 1992 ló bí òfin owó-orí ẹ̀kọ́ ti 1993, tó gba 2% nínú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ nígbà náà. Òfin TETFund ti 2011 ló rọ́pò rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan ni wọ́n ń pín owó náà fún: yunifásítì ìpín méjì, pólì ìpín kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ìpín kan. Mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí a fi owó ìlú kan òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ọ̀rọ̀ ìwádìí ló yàtọ̀. Onílé ló ni òrùlé, àmọ́ àbájáde ìwádìí tí owó ìlú bí, ìlú ló yẹ kó ni ín, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é.

Àwọn tó ń takò kí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gba owó ìwádìí á ní owó á rá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò tíì ka òfin òmìnira ìwífún, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FOI, dáadáa. Láti 2011 ni òfin yẹn ti kó ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ń ná owó ìlú mọ́ra. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti dáhùn, owó ìtanràn ẹni tó bá fi ìwífún pamọ́ láìtọ́ sì jẹ́ 500,000 náírà. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún là á pé òfin náà mú ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà LAUTECH ò lè ní kò kan òun.

Ibi tí òfin FOI ti ń jò ni abala 17 rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ ìjọba lè kọ̀ láti fi ohun èlò ìwádìí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kọ sílẹ̀ hàn. Ó dára kí èrò tí kò tíì pọ́n ní ààbò. Ta ló fẹ́ kí wọ́n jí iṣẹ́ òun? Ṣùgbọ́n àbọ̀ iṣẹ́ tó ti parí, tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ tán, lè fara pamọ́ sábẹ́ gbólóhùn kan náà.

A sì ti rí ohun tí owó ìmọ̀ tó fara pamọ́ ń fà. Lọ́dún 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Atiku, igbákejì rẹ̀ nígbà náà, kojú ara wọn lórí owó PTDF, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 fún ìmọ̀ epo rọ̀bì. Ìjà àwọn àgbà ló tú àṣírí, kì í ṣe ìwé ìṣirò. Lọ́dún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí orúkọ ẹni tó gba owó ìjọba àpapọ̀, iye rẹ̀ àti ohun tó wà fún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò. MIT, tó jẹ́ ti aládàáni, ń gba owó ìwádìí agbára níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà níta.

Kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yọ owó ìwádìí kúrò lára owó ilé kíkọ́ nínú òfin TETFund, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Kí ẹni tó ń yan iṣẹ́ sọ bí òun àti olùbéèrè bá tan. Bí wọn ò bá sì tún abala 17 òfin FOI ṣe kó má lè bo iṣẹ́ tó ti parí, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà rárá.