Lánsílẹ́ẹ̀tì inú Ọ̀sà Èkó àti Omi Tó Ń Gba Ẹdẹ Kọjá

Odò Ọ̀ṣun ń gba ẹ̀bá ìlú Ẹdẹ kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sí gúúsù títí yóò fi já sí ọ̀sà Lẹ́kí. Láti ibẹ̀, omi náà ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọ ọ̀sà Èkó. Nínú iyanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà yìí ni ẹranko kékeré kan wà tí ń jẹ́ lánsílẹ́ẹ̀tì.

Lánsílẹ́ẹ̀tì jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Kò gùn tó ìka ọwọ́, orí àti ìrù rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Kò ní egungun rárá. Okùn líle kan tó lọ láti orí dé ìrù ló gbé ara rẹ̀ ró. Inú iyanrìn ló máa ń ri ara rẹ̀ mọ́, tí yóò yọ ẹnu síta, tí yóò sì máa sẹ́ oúnjẹ tín-tìn-tín nínú omi.

Ní 1774, Peter Simon Pallas yẹ ọ̀kan tí wọ́n rí ní etíkun Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wò, ó sì kà á mọ́ ìgbín tí kò níkarahun. Ní 1834, Gabriele Costa ní ìlú Naples sọ irú rẹ̀ ní Branchiostoma. Alexander Kowalevsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní 1867 pé bí ẹyin rẹ̀ ṣe ń di ọmọ jọ ti àwọn ẹranko eléegun-ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n sí ìbátan ẹja, ẹyẹ àti ènìyàn.

Iṣẹ́ lórí ti ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948. J. E. Webb, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko níbẹ̀, kọ̀wé lórí àwọn lánsílẹ́ẹ̀tì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1955, ó sì pe èyí tó wà ní Èkó ní Branchiostoma nigeriense. Ní 1958, òun àti M. B. Hill ṣàlàyé ìgbé ayé rẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà, á sì gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lánsílẹ́ẹ̀tì wọlé. Iyanrìn tó ṣe wóró-wóró, tí ẹrẹ̀ kò dí, ni wọ́n ń wá, nítorí omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí òjò bá dé, tí omi odò láti òkè sì kún wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà á dínkù gan-an, àwọn lánsílẹ́ẹ̀tì á sì kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ mìíràn á tún ti òkun wọlé.

Nípa báyìí, òjò tó rọ̀ ní agbègbè Ẹdẹ wà lára ohun tó ń pinnu bí ọdún ẹranko yìí yóò ṣe rí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé ìbátan eléegun-ẹ̀yìn tí ìwé ń sọ wà ní ìpẹ̀kun odò tirẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ẹrẹ̀ tí a bá dà sínú omi, àti iyanrìn tí a bá wà kúrò nínú ọ̀sà, lè sọ ọ́ di aláìnílé.