Ìjọba Ààrẹ Lyndon B. Johnson

Ìjọba Lyndon B. Johnson ni ìṣàkóso ààrẹ kẹrìndínlógójì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963 di ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969. Inú ọkọ̀ òfuurufú ní ìlú Dallas ni ó ti búra, lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa John F. Kennedy, opó olóògbé dúró tì í, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Great Society ni orúkọ ètò àtúnṣe rẹ̀. Òfin ọdún 1964 ka yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti ibi iṣẹ́ léèwọ̀; ti 1965 dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn láti dìbò. Ní 1965 kan náà ni ó buwọ́ lu Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, àti òfin ìwọ̀lú tuntun, èyí tó wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà.

Ogun Vietnam ló gba ògo iṣẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀, tí kò ju bí 16,000 lọ ní ìparí 1963, ti lé ní 500,000 ní 1968. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún náà, Johnson kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò ní dupò mọ́. Richard Nixon ló gbapò lọ́wọ́ rẹ̀.