Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà: Láti Ìbàdàn dé Ilẹ̀ Yewa

Ní ilẹ̀ Yewa, Ìlaròó kò jìnnà sí ọmọ ìlú Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Pólì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979 wà níbẹ̀: ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ọdún méjì mìíràn fún HND. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ti dé ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú pólì náà, kíka orí ènìyàn ló sì gbé e dé.

Ètò ìkànìyàn ọdún 1962 àti 1963 dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí iye orí ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Iṣẹ́ náà kọjá ohun tí akọ̀wé lè fi bírò ṣírò. Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà wọlé, ọdún 1963 sì ni ilé-iṣẹ́ IBM ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gba odindi yàrá. FORTRAN, èdè tí John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1957, orí káàdì ni wọ́n ń lu ú sí, ìlà kan fún káàdì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á to káàdì rẹ̀ jọ, á gbé e fún òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, á máa retí èsì. Bó bá ṣi àmì kan lù, ó di kó lu káàdì mìíràn, kó tún lọ tò. Lójú tèmi, sùúrù yẹn wà lára ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò tíì pẹ́ lágbàáyé nígbà náà. Cambridge bẹ̀rẹ̀ dípúlómà tirẹ̀ lọ́dún 1953. Ọdún 1962 ni Purdue ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Kí ọdún 1980 tó pé, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti ń kọ́ ọ. Ifẹ̀ so ó mọ́ ìṣirò, ó tún so ó mọ́ ètò ọrọ̀ ajé, akẹ́kọ̀ọ́ á fi oyè kan ṣoṣo kó ìmọ̀ méjì. Mo fẹ́ràn ètò yìí, nítorí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan lè máà mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà ni Adéníkẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan ti di ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1989, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ni kò jẹ́ kí n lè ka ìtàn yìí bí ohun àjèjì. Nígbà tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn lọ́dún 1983, Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló pa pọ̀ sọ. Ẹ wò ó: babaláwo á kó ikin mẹ́rìndínlógún, á fi ọwọ́ kejì há wọn. Bó bá ku ẹyọ kan, á tẹ ilà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bó bá ku méjì, á tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà méjì péré ló wà nígbà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì di 256, iye Odù Ifá gan-an. Òdo àti ení ni kọ̀ǹpútà náà fi ń kọ ohun gbogbo. Mẹ́jọ wọn ni báìtì kan, 256 náà sì ni oríṣi báìtì tó lè wà. Ọdún 1703 ni Leibniz tẹ àlàyé ìṣirò olódo-àti-ení yìí jáde ní Yúróòpù. N kò ní torí èyí sọ pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ọmọ tó dàgbà nídìí ọpọ́n Ifá ti rí ìṣirò yìí kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó.

Lọ́dún 1978 ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1993 ni òfin gbé àjọ CPN kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ya ààbò kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ dátà àti ṣíṣe sọ́fúwià sọ́tọ̀ bí oyè tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ HND ló ṣì ń dùn mí. Ọmọ pólì tó lo ọdún márùn-ún, bó bá ní òun fẹ́ ṣe másítà, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe dípúlómà mìíràn, PGD.

Ẹ̀kọ́ yìí wà lódì kejì ẹnubodè pẹ̀lú. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́dún 1889 ló pín àwọn Ìfọ̀nyìn, ìran àwọn ará Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, sí méjì. Àwọn tó wà ní Ifangni, lápá Benin, ń pe ẹ̀kọ́ yìí ní informatique, ọ̀rọ̀ tí Philippe Dreyfus dá lọ́dún 1962. Yunifásítì Abomey-Calavi ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún un, IFRI, ọdún mẹ́ta sì ni lísáńsì wọn, nígbà tí tiwa jẹ́ mẹ́rin. Faransé ni olùkọ́ fi ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí ọmọ Ifangni bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, "if" àti "while" lòun náà ń tẹ̀, bí ọmọ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tó wà ní Ìlaròó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.