Ojú Irin Inú Ìlú Èkó, láti Tírámù Ọdún 1902 dé Ọjọ́ Òní

Kò sí ojú irin ní Ìdó-Ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹfọ̀n. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ibẹ̀ ni ó súnmọ́ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì jù lọ, ibẹ̀ sì ni ará ilẹ̀ wa tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin dé Èkó ti ń wọ̀ ọ́. Ibi tí ọkọ̀ náà ń parí ìrìn rẹ̀ sí ń jẹ́ Ìdó pẹ̀lú. Orúkọ lásán ni ó pa wọ́n pọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: lẹ́yìn tí èrò bá ti sọ̀ ní Ìdó, kí ni yóò gbé e dé ibi tí ó ń lọ nínú ìlú?

Ní 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la rélùwéè ńlá. Ó dé Ìbàdàn ní òpin 1900, a sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1901. Ẹrù ló wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣe é ju èrò lọ: kí epo àti ekùrọ́ máa bọ̀, kí ọjà òkè òkun máa lọ. Ṣùgbọ́n erékùṣù kékeré ni Ìdó. Omi wà láàárín rẹ̀ àti erékùṣù Èkó, níbi tí ọjà àti ilé ìjọba wà. Afárá Carter ni a fi so wọ́n pọ̀.

Orí afárá yìí ni tírámù gbà wọ erékùṣù Èkó ní 1902. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo bí irin rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Irin rélùwéè ńlá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀. Ti tírámù jẹ́ 2 àti ààbọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè ti Ìbàdàn lọ tààrà sí erékùṣù Èkó. Èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, kí ó gbé ẹrù rẹ̀, kí ó tún wọ òmíràn. Láti nǹkan bí 1906, ojú irin tóóró ní Èkó ń kó ẹ̀gbin pẹ̀lú: garawa tí àwọn agbépóò kó jọ ni a ń gbé lọ sí etí ọ̀sà. Mo kà á sí iṣẹ́ ìlera tí ó níyì, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń di imú. Mọ́tò ń pọ̀ sí i ní ìgboro. Ní 1933, tírámù kógbá wọlé.

Láti ìgbà náà, Èkó dàgbà yí rélùwéè ńlá ká láìní ojú irin tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ láti Agége tàbí Ìjokò a máa wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Ìdó lórí irin kan náà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Inú ọkọ̀ a kún, àwọn mìíràn a gun òrùlé rẹ̀.

Gómìnà Lateef Jákàńdè ni ó fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ní 1983, Ààrẹ Shehu Shagari fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Metroline lélẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn orílẹ̀-èdè. Àwíjàre yẹn kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, iye tí a sábà ń kà ni pé ìpínlẹ̀ Èkó pàdánù ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ. Lójú tèmi, àdánù ọdún ju ti owó lọ. Ọmọ tí a bí ní 1983 ti pé ogójì ọdún kí ọkọ̀ tó gbé e.

Ní 2010 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Ojú Irin Aláwọ̀ Búlúù. Ẹni tí ó ṣí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari, ọ̀gágun ọjọ́sí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, láti Mile 2 dé Marina: kìlómítà 13, sitéṣọ̀n 5. Iná mànàmáná ni ó ń lò, ó sì ní afárá tirẹ̀ lórí omi. Káàdì tí a fi ń sanwó rẹ̀ ń jẹ́ Cowry, èyí tí í ṣe owó ẹyọ àwọn baba wa ní èdè òyìnbó.

Ojú Irin Aláwọ̀ Pupa, tí Ààrẹ Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, láti Agbádó gba Agége àti Ìkejà dé Ọyìngbò. Díẹ̀ ni ó kù kí ó dé Ìdó. Ọmọ Èkìtì tí ó ń gbé Agége, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina, ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Ọyìngbò, kí ó wá bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e kọjá omi, bí baba ńlá rẹ̀ ti sọ̀ ní Ìdó láti wá tírámù.