Irin Ló Kọ́kọ́ Dé, Kí Àbíjàn Tó Dìlú

Ẹni tó bá rí bí ilé ṣe fún mọ́ra láti Anyama títí dé Port-Bouët ní Àbíjàn lónìí lè rò pé ìlú ti wà kí wọ́n tó fa rélùwéè wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Abúlé àwọn ẹ̀yà Ébrié ló wà létí ọ̀sà nígbà tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í to irin níbẹ̀ ní 1904. Ibà pọ́njú ti lé wọn kúrò ní Grand-Bassam, wọ́n ti fi Bingerville ṣe olú-ìlú Ivory Coast, ṣùgbọ́n ibi tí irin ti gbéra ni òwò ń wọ́ lọ. Ní 1934, Àbíjàn gba ipò olú-ìlú mọ́ Bingerville lọ́wọ́.

Irin dé Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì wọ Ouagadougou ní 1954: 1,145 kìlómítà. Ẹni tó bá ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo àwọn tó tò ó. Tipátipá ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá láti ilẹ̀ tó di Burkina Faso. Òfin tí Houphouët-Boigny, tó padà di ààrẹ Ivory Coast, jà fún nílé aṣòfin Paris, tó jáde ní oṣù kẹrin 1946, ló fòpin sí iṣẹ́ ipá.

Afárá tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà parí ní 1957. Mọ́tò ń gba orí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń gba inú ikùn rẹ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Treichville àti èbúté. Ọ̀pọ̀ ará Ẹjígbò tó ń gbé Àbíjàn, tó wà nínú mọ́tò lókè, kò mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn!

Ìlú bá dà bo irin. Ibùdókọ̀ rélùwéè ni Abobo-Gare ti gba orúkọ. Nínú ìkànìyàn 2021, èèyàn Àbíjàn ti ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ìsọ̀, ilé pákó àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dé etí irin gan-an. Awakọ̀ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré Àbíjàn, lè tẹ bíréèkì kó dúró; ọkọ̀ ojú irin tó ru epo lọ Ouagadougou á ṣì sáré jìnnà lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti rí ọmọ lójú irin.

Èrò inú ọkọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Títí di 2022, ilé-iṣẹ́ Bolloré ti Faransé, tó ń darí Sitarail, ilé-iṣẹ́ tó gba ojú irin yìí ní 1995, ló ń darí ilé-iṣẹ́ rélùwéè Camrail ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 2016, títì Yaoundé sí Douala já, èrò ya bo rélùwéè, Camrail sì so ọkọ̀ 8 mọ́ 9 tó wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà yà kúrò lójú irin ní Éséka. Ìjọba ní èèyàn 79 ló kú. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò kọ́ ló so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2017, Ààrẹ Macron ti Faransé àti Ààrẹ Ouattara ti Ivory Coast ṣí iṣẹ́ mẹ́tírò Àbíjàn: kìlómítà 37, tí wọ́n ní yóò máa gbé èèyàn 500,000 lójúmọ́. Ipa irin àtijọ́ náà ló ń tọ̀, nítorí náà wọ́n ní láti ṣí àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ kúrò. Owó gbà-má-bínú ni ariwo pọ̀ lé lórí. Ní tèmi, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà sọdá láàárín ibùdó kan sí èkejì ni mo fẹ́ kí àwọn ará Abobo béèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra.