Bọ́ọ̀sì Iléèwé, Ìnṣọ́ránsì àti Ìtanràn ₦400

Ìbéèrè kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: bí bọ́ọ̀sì iléèwé tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá ṣe ọmọ léṣe, ta ni òfin máa mú? Ọ̀pọ̀ yín ti dáhùn pé dírẹ́bà ni. Dírẹ́bà nìkan kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ṣe wà nínú ìwé òfin láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ìlú Ọba la ti kó òfin yìí wá. Tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, bí mọ́tò bá gbá èèyàn, ó lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́, kó sì jàre. Àmọ́ bí awakọ̀ ò bá lówó lọ́wọ́, ìdájọ́ yẹn di bébà lásán. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kán ti jàre, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ìdí nìyẹn tí Road Traffic Act ti 1930 fi sọ ìnṣọ́ránsì third party di dandan. Ẹni kìíní ni olówó ọkọ̀, ẹni kejì ni ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹni kẹta sì ni aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí ọkọ̀ ṣe léṣe; tìtorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san tó £50, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì, wọn kò sì ní jẹ́ kó wakọ̀ fún ọdún kan.

Ní 1945, ìjọba amúnisìn ṣe irú òfin yẹn fún Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Ayé bọ̀lẹ̀kájà nìyẹn, orúkọ ọkọ̀ náà nìkan sì ti tó láti sọ bí ìrìn àjò ṣe rí fún èrò inú rẹ̀. Ìjìyà tiwa le ju ti Ìlú Ọba lọ, torí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún kan. Ìtanràn rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé òfin lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní 1973, jẹ́ ₦400. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú òfin náà ni pé kò dúró lórí ẹni tó wa ọkọ̀. Ó tún mú ẹni tó ní kí wọ́n wà á, àti ẹni tó gbà kí wọ́n wà á. Ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú ti Ìlú Ọba, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì ti fi hàn bó ṣe lágbára tó nínú ẹjọ́ Monk v Warbey, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1935. Warbey yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀. Ẹlòmíràn ló wá wà á, ó sì forí gbárí pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, Monk, fara pa. Ẹni tó yá ọkọ̀ ò ní ìnṣọ́ránsì, ẹni tó wà á náà ò ní, wọn ò sì lówó. Warbey ò sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní òun ni yóò sanwó, torí òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ òun gun títì láìní ààbò.

Nítorí náà, alákòóso iléèwé tó ní “dírẹ́bà ló ń bójú tó ìwé ọkọ̀” ò tíì bọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin àtijọ́ yìí ò fi dandan lé ìnṣọ́ránsì fún èrò inú ọkọ̀ tí kì í gbowó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń gbowó lọ́wọ́ èrò gbọ́dọ̀ ní in. Bí òbí bá ń san owó bọ́ọ̀sì ní táàmù-táàmù, ẹ̀yin náà ẹ mọ apá ibi tí ọmọ yẹn bọ́ sí. Ẹni tó wá ń fi korópe kó ọmọ iléèwé pẹ̀lú ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ àdáni ń ta tẹ́tẹ́, torí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe kọ́ ló wà nínú ìwé àdéhùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ₦400. Lásìkò Udoji ní 1974, owó iṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ ₦720 lọ́dún, ìyẹn ₦60 lóṣù. Ìtanràn yẹn ju owó oṣù mẹ́fà lọ. Ó ń dunni. Lẹ́yìn náà náírà ń já wálẹ̀, nọ́ńbà inú ìwé òfin dúró gbagidi. Nígbà tí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun dé ní 2003, ó fi ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, lé ẹni tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè bà jẹ́. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù ní àwọn ìpínlẹ̀ jẹ́ ₦5,500, ₦250,000 tó owó oṣù 45. Ṣùgbọ́n òfin 1945 tó wà fún ikú àti ìfarapa èèyàn ṣì wà ní ₦400. Ẹ gbọ́ ná: ìtanràn nítorí bọ́ńpà jẹ́ ₦250,000, ìtanràn nítorí ẹ̀yà ara ọmọ jẹ́ ₦400! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ mí lórí.

Ẹgba méjèèjì ló sì tún ti rọ̀. Lónìí tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦70,000, ₦250,000 ò tó owó oṣù mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ. Ilé ìwòsàn tí ọmọ wà ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì nìkan ló lè gba ọ̀dọ̀ wọn yọ, ti third party fún ọkọ̀ àdáni sì ti jẹ́ ₦15,000 lọ́dún láti oṣù kìíní 2023.

Ní oṣù kejì 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò jákèjádò orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, ìròyìn jáde pé Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó rọ́pò ti 2003.

Kí ẹ tó dúró de ọlọ́pàá, fóònù yín lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ *565*11#, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, yóò sọ bóyá ìnṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, torí ayédèrú pọ̀ nígboro. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń gbé àbúrò yín wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàǹgbà. Ẹ wò ó láàárọ̀ ọ̀la.