Ọlọ́pàá àti Mùsùlùmí ní Èkó

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ó jẹ́ àgbà ọjà yìí. Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó fi ń fura sí i? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Haúsá jọ, Glover sì ni aṣíwájú wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá fún olówó rẹ̀. Mùsùlùmí sì pọ̀ láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àjèjì ni, nítorí ẹni tí kò ní ìyekan ní ìlú kò ní gbè sẹ́yìn ará ìlú. Mùsùlùmí ń ṣọ́ Mùsùlùmí, síbẹ̀ ẹ̀sìn kan náà kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ní 1930 ni a pa àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá pọ̀ di ọ̀kan fún gbogbo Nàìjíríà.

Ní oṣù kejì ọdún 2002, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ìdí-Àràbà, ní Muṣin. Ìjà ẹ̀yà ni. Mùsùlùmí wà ní apá méjèèjì. Ní ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí owó oṣù. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó kú kí àwọn ọmọ ogun tó pẹ̀tù sí i. Àgbà kò sí lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọlọ́pàá Nàìjíríà gba àwọn obìnrin wọn láyè láti lo híjáàbù lábẹ́ fìlà iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí Èkó láre lórí híjáàbù kan náà. Ohun ayọ̀ ni. Ọmọbìnrin Muṣin lè rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn Haúsá Glover ti kìlọ̀ fún wa pé aṣọ àti ẹ̀sìn nìkan kò tó.

Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ ojúsàájú nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Nígbà tí ọlọ́pàá bá mọ lèmọ́mù àdúgbò kí ìjà tó dé, tí ó sì ń kọ ẹjọ́ àlejò sílẹ̀ bí ó ti ń kọ ti onílé, nígbà náà ni ìfura yóò tó lọ.